Odò Ọ̀ṣun, Ọ̀sà àti Ilẹ̀ Àjáh

Ẹni tó bá dúró ní èbúté Badórè, lẹ́bàá Àjáh, á rí ọ̀sà tó lọ salalu. Ìjẹ̀dè ló wà lódìkejì. Níbo ni gbogbo omi yìí ti ń wá?

Òkè ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Odò Ọ̀ṣun ṣẹ̀ ní ilẹ̀ Èkìtì, ó gba Òṣogbo kọjá, níbi tí igbó Ọ̀ṣun wà, èyí tí àjọ UNESCO kà mọ́ ibi àjogúnbá gbogbo ayé ní ọdún 2005. Wọ́n sé e ní Aṣèjíire kí Ìbàdàn lè rí omi ẹ̀rọ mu. Lẹ́yìn náà ló já sínú ọ̀sà Lẹ́kkí, nítòsí Ẹ̀pẹ́. Ọ̀sà Lẹ́kkí ṣàn wọ ọ̀sà Èkó, èyí tí odò Ògùn náà ń ṣàn sí, kí omi tó bá òkun pàdé níbi tí ọkọ̀ ojú omi ń gbà wọ Apápá.

Lásìkò òjò, omi odò á pọ̀, á lé omi iyọ̀ padà sí òkun. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, odò á fà, omi òkun á sì wọ ọ̀sà Èkó. Àmọ́ ọ̀sà Lẹ́kkí jìnnà sí ẹnu òkun, kì í fi bẹ́ẹ̀ níyọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀bọ̀kún, ẹ̀pìyà àti àrọ̀ fi pọ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Àwọn obìnrin ibẹ̀ á ká àrọ̀, wọ́n á ki ìrù rẹ̀ bọ ẹnu rẹ̀, wọ́n á fi igi tín-ín-rín gún un pọ̀, kí wọ́n tó gbé e sórí iná. Ẹja yẹn ló ń dé ọjà Àjáh.

Ilẹ̀ Lẹ́kkí, tí Àjáh wà lára rẹ̀, rẹlẹ̀, àárín ọ̀sà àti òkun ló sì wà. Irà ló ń gba omi òjò dúró níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, wọ́n ti da yanrìn dí púpọ̀ nínú irà náà, wọ́n kọ́lé sí i. Bí òjò bá rọ̀ nígbà tí ọ̀sà ti kún, gọ́tà kò ní ríbi da omi sí, ilé ni omi ń yà sí. Ó dùn mí pé irà tó kù kò tó nǹkan. Ọgbà ìdáàbòbò ẹ̀dá tó wà ní Lẹ́kkí láti ọdún 1990 wà lára rẹ̀, hẹ́kítà 78 péré sì ni.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ilẹ̀ ní Àjáh, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn aládùúgbò ibi tí omi ń gbà lásìkò òjò. Ẹ má kọ́lé síbẹ̀, ẹ má sì da ọ̀rá sínú gọ́tà.