Bí Ẹ Bá Ń Lọ Wo Odi Àmínà ní Sáríà

Ère obìnrin tó gun ẹṣin níwájú Gbọ̀ngàn Àṣà ní Iganmú l'Ékòó, Àmínà, ọbabìnrin Sáríà àtijọ́, ni. Odi tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè ṣì wà nílùú rẹ̀, àmọ́ kí ẹ má retí ohun tó ga fíofío. Òkúta ni àwọn ará Maya fi kọ́ ìlú Tikal ní Guatemala, ìdí nìyẹn tí ilé gogoro wọn fi dúró nínú igbó dòní. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ti Sáríà, ọdọọdún ni òjò sì ń wẹ̀ ẹ́ padà sílẹ̀. Níbòmíràn, òkìtì gbọọrọ tí ewúrẹ́ ń gùn ló kù. Bí kò bá sí ẹni tó mọ̀ ọ́n tó tọ́ka sí i, ẹ ó gun orí rẹ̀ kọjá láìmọ̀.

Láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì ni kí ẹ lọ, nígbà tí koríko ti gbẹ tí ipa odi sì hàn. Ọyẹ́ á bù yín létè, ẹ mú òrí dání. Láti Èkó, ẹ wọ bàálù dé Kàdúná tàbí Àbújá. Rélùwéè wà láti Àbújá dé Rigasa ní Kàdúná, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Láti Kàdúná, ó ku nǹkan bí 80 kìlómítà sí Sáríà. Ojúmọmọ nìkan ni kí ẹ rin ọ̀nà náà, kí ẹ sì bi awakọ̀ bí ọ̀nà ṣe rí lọ́jọ́ náà.

Odi yí Birni, ìlú àtijọ́, ká. Sábó àti Samaru, níbi tí Yunifásítì Ahmadu Bello wà, ti wà lẹ́yìn odi. Bodè mẹ́jọ ni ìlú ní. Ẹ jẹ́ kí oníkẹ̀kẹ́ Márúwá já yín sílẹ̀ ní Kofar Doka, ọ̀kan nínú wọn, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn wọlé dé iwájú ààfin Sarkin Zazzau, ọba Sáríà. Ẹ kí àwọn dogarai, ẹ̀ṣọ́ ààfin, kí ẹ tó yọ fóònù láti ya àwòrán. Kí obìnrin wé orí, kí ọkùnrin má wọ ṣòkòtò péńpé.

Mọ́ṣáláṣí Jímọ̀ kò jìnnà síbẹ̀. Babban Gwani Mikaila, ọ̀gá àwọn mọlémọlé, ló kọ́ ọ ní ọ̀rúndún 19, tó fi igi azara tí ikán kì í jẹ gbé òrùlé amọ̀ rẹ̀ dúró. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ ọdún 2023, apá kan mọ́ṣáláṣí náà wó lu àwọn tó ń kírun, ẹ̀mí sì lọ. Nítorí náà, ẹ gbàyè kí ẹ tó sún mọ́ ọn, ẹ má sì lọ ní ọ̀sán Jímọ̀.

Bó bá jẹ́ pé ibì kan ṣoṣo ni àyè yín gbà, Kufena ni mo máa ní kí ẹ lọ. Àpáta ńlá ni, ó wà lẹ́bàá Wusasa, àwókù odi sì wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ gùn ún, pẹ̀lú bàtà tó di ilẹ̀ mú àti omi tó pọ̀; láti òkè ni ìdí tí àwọn àgbà fi tẹ̀dó síbẹ̀ ti máa yé yín, torí kò sí ọ̀tá tó lè bá wọn lójijì. Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ yà sí Ṣọ́ọ̀ṣì St Bartholomew, tí wọ́n fi amọ̀ kọ́ ní Wusasa, àdúgbò tí Yakubu Gowon gbé dàgbà.

Afinimọ̀nà lè ka ọdún Àmínà fún yín bí ẹni tó bá a jẹun. Ẹ rọra gbà á. Ìwé ìtàn Kano fi í sí ọ̀rúndún 15, àwọn òpìtàn mìíràn ní 16 ni. Wọn kò tilẹ̀ fohùn ṣọ̀kan lórí Bakwa Turunku tó bí i: àwọn kan ní bàbá rẹ̀ ni, àwọn kan ní ìyá rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gun ògiri náà ya àwòrán, ẹ má sì bu amọ̀ rẹ̀ lọ sílé. Èyí tí òjò ń bù níbẹ̀ ti tó.