Asẹ́ Tó Ń Jò Láì Dunni

Màmá àgbà mi ní ìtọ̀ ṣúgà. Nígbà tí nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n gbé ìtọ̀ wá fún àyẹ̀wò, wọ́n ní, "Fún kí ni? Kò kúkú síbi tó ń dùn mí."

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Bí asẹ́ ògì bá ya, èèrí á bá ògì lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni kíndìnrín: bí ṣúgà bá ba asẹ́ inú rẹ̀ jẹ́, purotéènì tó ń jẹ́ albumin á máa bá ìtọ̀ jáde. Kì í dunni níbẹ̀rẹ̀.

Wọ́n máa ń fi albumin wé creatinine, torí pé omi tá a mu lè pọ̀ nínú ìtọ̀. Tí kò bá tó 30 mg/g, ó dáa. Láti 30 dé 300, asẹ́ ti ń jò. Tó bá ju 300 lọ, ó ti le. Ibà tàbí eré sísá lè gbé e sókè, torí náà wọ́n á tún un yẹ̀ wò láàárín oṣù 3 sí 6.

Ti Màmá jẹ́ 64. Ìkejì ò yàtọ̀. Ní báyìí, wọ́n ń lo oògùn, wọ́n sì ń ṣọ́ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ẹ délé, kẹ́ ẹ bi àwọn àgbà yín tó ní ìtọ̀ ṣúgà pé: "Ṣé ẹ ti yẹ ìtọ̀ yín wò lọ́dún yìí?"