GBÍGBIN IGI NÍ ÀDÚGBÒ FÚN ÌLERA ÌDÍLÉ

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọ̀dọ́ àti ẹ̀yin olórí àdúgbò, iṣẹ́ tí ẹ̀kọ́ yìí dá lé lórí jẹ́ èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ti àgbẹ̀ nìkan ni, ṣùgbọ́n ó kan ìlera olúkúlùkù wa. Iṣẹ́ náà ni gbígbin igi. Nígbà tí ẹ bá ka ẹ̀kọ́ yìí tán, ó yẹ kí ẹ lè sọ ìdí tí igi fi ṣe pàtàkì ní ìlú etí òkun bí Èkó, kí ẹ mọ irú igi tí ó yẹ àyíká yín, kí ẹ sì mọ bí a ti ń tọ́jú rẹ̀ tí kò fi ní kú.

Ìdí tí ooru fi ń mú ní ìlú wa

Omi ni ó yí Èkó ká. Òkun wà ní gúúsù, ọ̀sà sì wà láàárín ìlú. Láyé àtijọ́, igbó ẹ̀gbà àti àbàtà ni ó pọ̀ ní etí omi wọ̀nyí. Bí ènìyàn ti ń pọ̀ sí i ni a ń gé igi, tí a ń fi yanrìn dí àbàtà, tí a sì ń kọ́lé sí i. Lónìí, páànù, sìmẹ́ńtì àti ọ̀dà títì ni ó gba ipò ewéko. Àwọn nǹkan wọ̀nyí a máa fa ooru oòrùn mọ́ra ní ọ̀sán, wọn a sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní òru. Ìdí nìyí tí yàrá fi máa ń gbóná títí di ọ̀gànjọ́ ní àdúgbò tí ilé há mọ́ ara wọn, tí kò sì sí igi.

Ooru kì í ṣe ọ̀ràn ìnira lásán. Ìkókó, arúgbó, aboyún àti àwọn tí ó ní àrùn ọkàn ni ó tètè ń pa lára. Ẹni tí ooru bá mú jù lè ní orí fífọ́, òòyì àti èébì, ó sì lè dákú. Bí ẹ bá rí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e lọ sí abẹ́ ìbòji, ẹ tú aṣọ rẹ̀, ẹ fi omi tútù nu ara rẹ̀, kí ẹ sì máa fẹ́ ẹ. Bí iyè rẹ̀ bá ṣí, ẹ fún un ní omi mu. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń sọ ìsọkúsọ tàbí tí kò dáhùn, ẹ má ṣe fi omi sí i lẹ́nu. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ kò tíì pé oṣù 6 kò gbọdọ̀ fún un ní omi nítorí ooru. Ọmú ni kí ó máa fún un léraléra, nítorí pé gbogbo omi tí ọmọ náà nílò wà nínú ọmú.

Iṣẹ́ tí igi ń ṣe fún ìlera wa

1. Igi ń mú àyíká tutù. Ìbòji rẹ̀ a máa dá oòrùn dúró kí ó tó dé ara ògiri àti páànù. Bákan náà, omi tí gbòǹgbò ń fà láti inú ilẹ̀ a máa gba ojú ewé jáde sínú afẹ́fẹ́, èyí a sì mú kí afẹ́fẹ́ tutù. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni omi inú àmù ṣe ń tutù, nítorí pé díẹ̀ nínú rẹ̀ ń gbẹ lọ láti ara àmù náà.

2. Igi ń dín àgbàrá kù. Ewé a máa gba òjò kí ó tó kan ilẹ̀, gbòǹgbò a sì máa la ọ̀nà fún omi láti wọlẹ̀. Ẹni tí ó wà ní Èkó ní ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 2011 kò ní gbàgbé bí òjò ọjọ́ náà ti kún inú ilé àti ojú títì. Ìkún omi a máa gbé ìdọ̀tí wọ inú kànga, àrùn onígbáméjì àti ibà jẹ̀funjẹ̀fun a sì tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe tan ara rẹ̀ jẹ: igi kò lè ṣe iṣẹ́ gọ́tà. Bí a bá gbin igi, tí a sì ń da pàǹtí sí gọ́tà, omi yóò ṣì wọlé.

3. Ewé igi a máa gba díẹ̀ nínú eruku àti èéfín tí ó ń ti ojú títì wá.

4. Ẹ̀gbà tí ń hù nínú omi iyọ̀ ní etí ọ̀sà ń di ilẹ̀ mú, ó ń dín agbára ìgbì kù, ó sì jẹ́ ilé fún ọmọ ẹja àti akàn. Ẹni tí ó bá gé e dáná ti tú odi etí omi ká.

Irú igi tí ó yẹ kí a gbìn

Kì í ṣe gbogbo igi ni ó yẹ gbogbo ibi. Òdán, èbèlèbò àti mángòrò ní ìbòji gbòòrò; ọgbà ilé ẹ̀kọ́, ọjà àti pápá ni ó yẹ wọ́n. Gbòǹgbò òdán lágbára púpọ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ó jìnnà sí ilé, kànga àti ṣáláńgá. Àgbọn lè fara da yanrìn àti afẹ́fẹ́ oníyọ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń rí i ní Àgbádárìgì, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbìn ín sí ibi tí ọmọdé ń ṣeré, kí èso má baà já lé wọn lórí. Dóńgóyárò lè fara da ọ̀dá, ìbòji rẹ̀ sì dára. Síbẹ̀, kí ẹni tí ibà ń ṣe má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé àgbo rẹ̀. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Igi gíga tínńrín tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbìn sí ẹ̀gbẹ́ ògiri lẹ́wà lójú, ṣùgbọ́n ìbòji rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹ má ṣe gbin igi kankan sí abẹ́ wáyà iná. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ títì ni ẹ fẹ́ gbìn ín sí, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tàbí LASPARK, àjọ ìpínlẹ̀ tí ń bójútó igi àti ọgbà ìgbafẹ́.

Bí a ti ń gbin igi

(a) Ẹ gbẹ́ ihò tí ó fẹ̀ ní ìlọ́po méjì ọ̀rá tí ọmọ igi wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kí jíjìn rẹ̀ má ju gíga ọ̀rá náà lọ.
(b) Ẹ po ilẹ̀ òkè pọ̀ mọ́ ìgbẹ́ ẹran tí ó ti jẹrà dáadáa.
(d) Ẹ ya ọ̀rá náà kúrò pátápátá, láì tú erùpẹ̀ ara gbòǹgbò ká.
(e) Ẹ gbé ọmọ igi sínú ihò kí ó dúró ṣánṣán, ẹ da ilẹ̀ padà, kí ẹ sì rọra tẹ̀ ẹ́. Ẹ má ṣe bo ìdí igi mọ́lẹ̀.
(ẹ) Ẹ bomi rin ín. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ àyíká rẹ̀, ṣùgbọ́n kí koríko náà má kan ara igi.
(f) Ẹ ṣe ọgbà yí i ká nítorí ewúrẹ́.
(g) Ẹ kó ọ̀rá àti agolo nù, kí omi má baà dúró nínú wọn di ibi tí ẹ̀fọn ń yé sí. Lẹ́yìn náà, kí gbogbo yín fi ọṣẹ fọ ọwọ́.

Ìtọ́jú ni ó ṣòro jù

Láti ọdún 2008 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti ya ọjọ́ 14 oṣù Keje sọ́tọ̀ fún igi gbígbìn. Àsìkò òjò ni, ó sì dára. Ṣùgbọ́n òjò a máa dá díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, ọ̀gbẹlẹ̀ a sì bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta. Ọmọ igi tí kò bá rí omi ní àkókò wọ̀nyí yóò kú.

Ní àdúgbò kan tí mo ti ṣiṣẹ́, a gbin igi 40 ní ọjọ́ kan. A lu ìlù, a jó, a sì ya àwòrán. Nígbà tí mo padà débẹ̀ ní oṣù Kejì, igi 6 péré ni ó kù, gbogbo wọn sì wà níwájú ìsọ̀ ìyá kan tí ó ń ta ẹ̀fọ́. Mo bi í léèrè ohun tí ó ṣe. Ó ní òun kò ṣe nǹkan kan, pé omi tí òun fi ṣan ẹ̀fọ́ ni òun ń dà sí wọn nídìí láràárọ̀. Ojú tì mí, nítorí pé èmi ni mo ṣètò ọjọ́ náà, n kò sì fi igi kankan lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Igi 34 tí ó kú jẹ́ ti gbogbo wa, nítorí náà wọn kò jẹ́ ti ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò ní ìwé kan. Kí wọ́n kọ ibi tí igi kọ̀ọ̀kan wà sínú rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ìdílé tí yóò máa bomi rin ín. Garawa omi kan ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ tó fún ọmọ igi kan. Omi tí a fi ṣan ẹ̀fọ́ tàbí ìrẹsì dára fún un. Ní ìpàdé oṣooṣù, kí a ka iye igi tí ó yè, kì í ṣe iye tí a gbìn. Kí ìtọ́jú yìí máa bá a lọ fún ọ̀gbẹlẹ̀ méjì ó kéré tán, títí gbòǹgbò yóò fi jinlẹ̀.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Igi tí ẹ bá tọ́jú lónìí ni àwọn ọmọ yín yóò jókòó sábẹ́ rẹ̀.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ni ó ń mú kí yàrá gbóná ní òru ní àdúgbò tí kò ní igi?
2. Báwo ni a ṣe ń tọ́jú ẹni tí ooru ti mú jù?
3. Kí ni ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ gbin òdán sí ẹ̀gbẹ́ kànga?
4. Igi mélòó ni ó wà ní òpópónà yín, ta sì ni ó ń bomi rin ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn?