Àkànní, Mọ́níyà Kì í Ṣe Inú Igbó

Àkànní, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, jókòó dáadáa. Mu omi ná. Oúnjẹ ń bọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ni yóò ṣíwájú àmàlà lónìí. Inú mi kò dùn sí ọ, bí mo sì ṣe fẹ́ràn rẹ tó ni kò jẹ́ kí n gbé e mì.

Kí ni mo gbọ́ pé o ṣe? O wọ ọkọ̀ ojú irin ní Èkó, o sọ̀ ní Mọ́níyà lọ́sàn-án gangan. Láti Mọ́níyà sí Ìrókò níbí, ọ̀nà Ọ̀yọ́ àtijọ́ gbọọrọ ni, ọkọ̀ kì í wọ́n níbẹ̀. Ìwọ wá dá ọkọ̀ gbà lọ sí Mọ́kọ́lá láàrin ìlú Ìbàdàn, o sanwó òtẹ́ẹ̀lì, ilẹ̀ mọ́ tán o tún dá òmíràn gbà, o gba Òjóò, o tún gba Mọ́níyà kan náà kọjá kí o tó dé ọ̀dọ̀ mi. Nígbà tí o wá dé, ohun tí o kọ́kọ́ sọ ni pé wọ́n lọ gbé ibùdókọ̀ sínú igbó. Igbó wo, Àkànní? Ilẹ̀ tí wọ́n sin ibi bàbá rẹ sí lò ń pè ní igbó lójú mi?

Mo mọ ibi tí wàhálà rẹ ti wá. Dùgbẹ̀ ló ṣì wà lọ́kàn rẹ. Mi ò bá ọ jà lórí ìyẹn, nítorí Dùgbẹ̀ ṣe bẹbẹ láyé ìgbà tiwa. Ọdún 1901 ni ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn, Dùgbẹ̀ ló sì ń sọ èrò sí. Bí ẹsẹ̀ rẹ bá ti kan ilẹ̀ báyìí, o ti wà lẹ́nu ọjà nìyẹn. Láti ibẹ̀, ọkọ̀ náà yóò gba Ẹ̀rúnmu, yóò gba Lálúpọn, yóò kọjá sí Ìwó àti Òṣogbo. Ní Lálúpọn, kí ọkọ̀ tó dúró tán ni àwọn obìnrin ti ń sáré tẹ̀lé e, ọmọ lẹ́yìn, igbá ẹ̀kọ lórí, ọwọ́ kan di igbá mú, èkejì ń na ọsàn bíbó sójú fèrèsé. Kí ọkọ̀ tó fọn fèrè, ẹlòmíràn ti pa owó ọbẹ̀ ọjọ́ náà. Nítorí náà, má rò pé òní ni ọkọ̀ ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ọ̀nà abúlé wa.

Ṣùgbọ́n ayé ti yí. Ọdún 2017 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin tuntun, ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 2021 sì ni Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí i. Kìlómítà 157 ni, láti Èkó dé Mọ́níyà. Ìbú ojú irin àtijọ́ kò ju mìlímítà 1,067 lọ, ti tuntun jẹ́ 1,435. Ọkọ̀ tó ń gùn ún tóbi, ó ń kó èrò, ó ń kó kọ̀ǹténà. Ibùdó irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń jẹ ilẹ̀. Sọ fún mi, ilé ta ni wọn ì bá wó ní Dùgbẹ̀ kí àyè tó gbà á? Akínyẹlé, ìjọba ìbílẹ̀ wa níbí, ló ní ilẹ̀, Akínyẹlé ló gbà á lálejò.

Ọkọ̀ ojú irin nìkan kọ́ ló ń jáde kúrò láàrin ìlú. Àwọn aláṣọ ti kúrò ní Gbági àtijọ́ lọ sí Gbági tuntun lójú ọ̀nà Ifẹ̀. Àwọn onímàlúù Bódìjà, Amósùn ní Akínyẹlé níbí ni ìjọba ní kí wọ́n máa lọ. Pápákọ̀ òfuurufú náà, Alákíà ló wà, níhà Ẹgbẹ́dá, ìjọba ìpínlẹ̀ sì ti dáwọ́ lé sísọ ọ́ di ti àgbáyé. Orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni wọ́n kọ sára ibùdókọ̀ Mọ́níyà, ti Ládòkè Akíntọ́lá ló wà lára pápákọ̀ Alákíà. Àgbà olóṣèlú méjì tó ta kora láyé wọn: ọ̀kan ń kí ọ káàbọ̀ ní Akínyẹlé, èkejì ń kí ọ káàbọ̀ níhà Ẹgbẹ́dá.

Ìwọ tó ti rìn jìnnà ló yẹ kó sọ èyí fún mi. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, wọ́n kó bàálù èrò kúrò ní Yoff nínú ìlú Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gà, wọ́n kó o lọ sí Diass, tó jìnnà tó kìlómítà 47. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2019, Istanbul ṣe bẹ́ẹ̀, wọn kò sì lò tó ọjọ́ méjì tí wọ́n fi kó gbogbo rẹ̀ tán. Nígbà tí o gba Istanbul kọjá lọ sí London, ṣé o dúró sí pápákọ̀ àtijọ́, o ń ráhùn? O béèrè ọ̀nà, wọ́n fi hàn ọ́, o tẹ̀lé e. Ọ̀nà ilé bàbá rẹ wá ni o kò lè béèrè?

Jẹ́ kí n là á fún ọ, má sì jẹ́ kó gba etí kejì jáde. Bí o bá sọ̀ ní Mọ́níyà, má dá ọkọ̀ gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń pariwo lẹ́nu géètì. Wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá dé gáréèjì, kí o wọ ọkọ̀ tó ń kérò Ìrókò àti Fìdítì. Bó bá jẹ́ àwọn ẹbí wa ní Ìjàyè lò ń lọ wò, ọ̀nà Ìṣẹ́yìn tí wọ́n tún ṣe, kìlómítà 65, Mọ́níyà náà ló ti bẹ̀rẹ̀. Kí lo wá fẹ́ lọ ṣe ní Mọ́kọ́lá? Ìyá ìyàwó rẹ ní Lálúpọn, ní Lágelú, ńkọ́? Dé Òjóò, gba títì márosẹ̀ bọ́ sí Ìwó Road, ibẹ̀ ni wàá ti wọ ọkọ̀ Mọ́nàtán, Ìyànà Ọ̀fà, Lálúpọn. Ẹgbẹ́dá wà lójú ọ̀nà Ifẹ̀, lẹ́yìn Gbági àti Alákíà. Láti pápákọ̀ Alákíà, ọ̀nà tuntun wà tó gba Ajíà, ẹ̀ka rẹ̀ kan já sí Amúlókó, o ti wọ Ọ̀nà Àrà nìyẹn. Ọ̀nà kan ò wọjà, ọmọ mi. Àkànrán tí o kò tíì tẹ̀ rí yẹn, ní Ọ̀nà Àrà kan náà, ibẹ̀ ni Táfà Adéoyè ti dìde ní ọdún 1968, tí àwọn àgbẹ̀ Àgbẹ́kọ̀yà bá ìjọba fà á lórí owó orí títí wọ́n fi dín in kù. Kò sí ẹni tó pe ibẹ̀ ní igbó nígbà náà.

Ohun tó dùn mí jù nìyí. Ìwọ ọmọ onílẹ̀ lò ń pe ibí ní igbó, àlejò kò pè é bẹ́ẹ̀. Àwọn tí a kò mọ̀ rí ń wa ọkọ̀ bọ̀ láti Èkó, wọ́n ń béèrè ilẹ̀, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wọn pílọ́ọ̀tì. Oko ẹ̀gẹ́ tí a kórè lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá, búlọ́ọ̀kù ti hù níbẹ̀. Bàbá rẹ kò ta oko tirẹ̀. Igi pèrègún tó gbìn sí ààlà ṣì wà níbẹ̀, mo máa ń dé ìdí wọn. Ṣùgbọ́n pèrègún kò lè jẹ́rìí ní kóòtù. Ìwọ ló yẹ kó wá, kí sọ̀fíò wọn ilẹ̀ náà, kí orúkọ bàbá rẹ wà nínú ìwé kí n tó kú.

Àjò kò dùn kí onílé má relé. Iléyá tó ń bọ̀, kó ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ wá. Ẹ sọ̀ ní Mọ́níyà, ẹ wọ ọkọ̀ Ìrókò, kí ẹ sùn nílé mi. Mú àwọn ọmọ náà lọ sídìí pèrègún yẹn, kí wọ́n mọ ibi tí ààlà dé. Ẹ̀yin ọmọ Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà Àrà yòókù tí ẹ wà ní Èkó àti lókè òkun, ẹ̀yin náà ni mò ń bá wí. Ẹnu ọ̀nà Ìbàdàn ti sún mọ́ ilé yín. Ẹ má kọjá ilé yín lọ mọ́.