Owó Epo àti Owó Ilé: Ẹ Má Dà Wọ́n Pọ̀

Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, láti Òkìtìpupa dé Òde-Aye, iṣẹ́ ẹbí ni iṣẹ́ epo. Bàbá ló ni oko, ìyá ń se ẹyìn, àwọn ọmọ ń ṣà á. Ṣùgbọ́n bí a bá béèrè èrè ọdún tó kọjá, ọ̀pọ̀ nínú wa kò lè sọ. Àpò kan náà la fi ń sanwó akọpẹ, òun náà la fi ń ra ọṣẹ. Tí owó ilé ìwé bá wá dé, a ó fi oko ọ̀pẹ dógò.

Ẹ jẹ́ ká fi kẹ́ẹ̀gì ṣírò rẹ̀, torí owó náírà kì í dúró sójú kan. Ká ní ẹ rí kẹ́ẹ̀gì 10. Akọpẹ àti alárù gba owó kẹ́ẹ̀gì 3. Ẹ̀rọ ìfúnpo àti igi ìdáná gba 2. Mọ́tò gba 1. Ó ku 4. Ṣé gbogbo rẹ̀ ni èrè? Rárá o. Ká ní alágbàṣe ló ṣe iṣẹ́ tí ìyá àtàwọn ọmọ ṣe, ẹ ò bá san kẹ́ẹ̀gì 2 fún un. Tiwọn nìyẹn. Kẹ́ẹ̀gì 2 tó kù ni èrè. Ẹni tó bá ná ju ìyẹn lọ ti ń jẹ owó iṣẹ́ tó ń bọ̀.

Ohun tí ẹ ó ṣe nìyí:

1. Ẹ ra ìwé kan. Kí ọmọ tó mọ̀wé máa kọ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde.

2. Ẹ ní àpò méjì: ti epo lọ́tọ̀, ti ilé lọ́tọ̀. Ẹ fún ọmọ tó ṣiṣẹ́ ní tirẹ̀, kó má baà sá kúrò lóko.

3. Láàárín oṣù kejì sí ìkarùn-ún, epo máa ń pọ̀, owó rẹ̀ sì máa ń wálẹ̀. Ẹ ta ìwọ̀n tí ẹ ó fi sanwó iṣẹ́, kí ẹ tọ́jú ìyókù. Ẹ sè é kí omi tán nínú rẹ̀, kí kẹ́ẹ̀gì mọ́, kó gbẹ, kí ẹ dé e pa. Omi ló ń jẹ́ kí epo kan.

4. Ẹ kọ owó èkùrọ́ sílẹ̀ náà.

5. Ẹ yọ díẹ̀ nínú èrè fún ọ̀pẹ Tenera. Ara ẹyìn rẹ̀ nípọn, èèpo èkùrọ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó sì ń so láti bí ọdún kẹta sí ìkẹrin. NIFOR, ilé ìwádìí ọ̀pẹ tó wà nítòsí Benin láti 1939, ń ta irúgbìn rẹ̀.

Ìbéèrè fún ìpàdé ẹgbẹ́: nínú kẹ́ẹ̀gì 10 yín, mélòó ni èrè? Ẹ mú ìwé yín wá, ká jọ ṣírò rẹ̀.