Ìfóòfó Kò Dé Inú Ife

Ìbéèrè: Mo fi ọ̀pá akírílíìkì ṣe ẹ̀rọ tí ń fi ìfóòfó yọ ìdọ̀tí nínú omi iyọ̀ ẹja mi. Ó ń hó, ṣùgbọ́n ife òkè ṣófo. Ṣé kí n ra pọ́ǹpù tó lágbára sí i?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì náwó. Ara ìfóòfó ni ìdọ̀tí tó ti yòrò máa ń lẹ̀ mọ́. Bí ìfóòfó bá ṣe kéré tó, tó sì pẹ́ nínú omi tó, ló ṣe ń kó o tó. Lóòótọ́, pọ́ǹpù ńlá á mú afẹ́fẹ́ púpọ̀ wá, ṣùgbọ́n omi tó ń ru gùdù á fọ́ ìfóòfó kó tó dé ọrùn ọ̀pá. Òkúta afẹ́fẹ́ onígi ni kí ẹ lò, ihò rẹ̀ kéré, ìfóòfó rẹ̀ náà á sì kéré. Ẹ gbé omi sókè díẹ̀díẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀ ọrùn, kí ẹ sì fún un ní ọjọ́ mélòó kan, torí ìfóòfó kì í tètè gòkè nínú ọ̀pá akírílíìkì tuntun. Omi tó pọ́n bíi tíì, tó ń rùn, ni kí ẹ máa retí nínú ife.

Bí ibi kan lára ọ̀pá náà bá ń jò, tí ẹ sì fẹ́ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é. Èéfín gọ́ọ̀mù akírílíìkì léwu. Bí òyì bá kọ́ yín, ẹ lọ rí dókítà. Ní ti wáyà pọ́ǹpù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe oníṣẹ́ iná.