Ohun Tí A Ń Fà Lè Tì Wá: Ẹ̀kọ́ Lórí Níní àti Fífa Tírélà Katakata

Láìpẹ́ àpò àgbàdo yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti inú oko wá sí ojú títì, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò sì gba orí tírélà wá. Ìdí nìyí tí mo fi yan tírélà fún ẹ̀kọ́ wa ti àkókò yìí. Ẹni tí ó bá mọ ìwé kà nínú ilé, kí ó jọ̀wọ́ kà á sókè fún àwọn yòókù, pàápàá fún àwọn ọmọ tí ó fẹ́ràn láti máa tẹ̀lé katakata.

Tírélà tí mo ń wí kì í ṣe ọkọ̀ ńlá tí ń kó iṣu àti màlúù lọ sí Èkó. Iwájú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ jókòó lé awo irin kan tí ó wà lókè táyà ẹ̀yìn orí ọkọ̀ tí ń fà á. Irú awo bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi ń so ilé onítáyà mọ́ ẹ̀yìn pikọ́ọ̀pù nígbà tí wọ́n bá ń lọ ṣe ìgbafẹ́. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Táyà méjì ni tírélà oko wa sábà máa ń ní, irin ìfà rẹ̀ sì máa ń kọ́ ẹ̀yìn katakata nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kan náà ni ó de gbogbo wọn: ibi tí ìwúwo bá jókòó sí ni yóò sọ bí ìrìn yóò ṣe rí. Bí ilẹ̀ bá tẹ́jú, katakata ni ó ń fa tírélà. Bí ọ̀nà bá ń sọ̀kalẹ̀, tírélà ni yóò fẹ́ ti katakata.

OHUN TÍ Ó MÚ MI KỌ Ẹ̀KỌ́ YÌÍ

Ní ìkórè kan tí ó ti kọjá, wọ́n wá pè mí ní alẹ́ sí ilé ìwòsàn. Ọmọkùnrin ọdún 14 kan ni wọ́n gbé dé. Ó jókòó lórí irin ìfà, láàárín katakata àti tírélà, nígbà tí wọ́n ń ti oko bọ̀. Katakata kó sí kòtò, ọmọ náà já bọ́, táyà tírélà sì gun orí ẹsẹ̀ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ gan-an ni ó ń wa katakata. Ó sọ fún mi pé, "Ọ̀gá, mo ní kí ó jókòó síbẹ̀ kí ojú mi lè tó o. Ṣùgbọ́n iwájú ni ojú mi wà." Ọmọ náà yè, ṣùgbọ́n ọ̀pá ni ó fi ń rìn títí di òní. Àwa tí a wà nílẹ̀ àjèjì, tí ẹbí wa jìnnà, ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ bàbá yìí sọ́kàn. Igi gogoro má gùn mí lójú, àtòkèrè ni a ti ń wò ó.

1. KÍ A TÓ RA TÍRÉLÀ

Ọ̀pọ̀ wa ni yóò ra èyí tí ẹlòmíràn ti lò. Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀dà tuntun tàn yín jẹ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ yẹ abẹ́ rẹ̀ wò.

(a) Ẹ wo ihò tí ó wà lórí irin ìfà. Ó yẹ kí ó rí roboto. Bí ó bá ti gùn bí ẹyin adìyẹ, irin ti jẹ, yóò sì máa gbo píìnì.

(b) Ẹ wo gbogbo ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀. Bí ẹ bá rí ìlà ìpẹtà tín-ín-rín tí ó gba ojú ibẹ̀ kọjá, ó ṣeé ṣe kí ó ti sán. Ẹ pe wẹ́dà kí ó yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó san owó.

(d) Ẹ fi jáàkì gbé táyà kọ̀ọ̀kan kúrò nílẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ yí i. Bí ó bá ń dún kẹkẹkẹ, tàbí tí ó ń mì nígbà tí ẹ bá di òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú tí ẹ sì mì í, bẹ́ríìnì rẹ̀ kò dára mọ́.

(e) Ẹ ka nọ́ọ̀tì táyà. Bí ọ̀kan bá sọnù, ìyókù ni yóò máa ru ẹrù rẹ̀.

(ẹ) Ẹ béèrè iye tọ́ọ̀nù tí ó lè gbé, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí ìrajà. Ẹni tí kò bá fẹ́ kọ ìwé, ẹ má ṣe bá a nájà.

2. BÍ A Ó ṢE SO Ó MỌ́ KATAKATA

Ibi kan ṣoṣo ni a ń so tírélà mọ́: irin ìfà tàbí ìkọ́ tí wọ́n ṣe fún un nísàlẹ̀ ẹ̀yìn katakata. Ẹ má ṣe so ó mọ́ òkè, níbi tí a ń so apá òkè ohun ìtúlẹ̀ mọ́. Bí a bá so ẹrù mọ́ òkè, tí ẹrù náà sì kọ̀ tí kò tẹ̀lé e, iwájú katakata yóò gbéra nílẹ̀, yóò sì dojú dé lé awakọ̀ lórí. Kí ènìyàn tó ka ení, èjì, ó ti parí.

Píìnì tí a ó lò gbọ́dọ̀ nípọn tó ihò rẹ̀, kí ó sì ní ìdè kékeré nísàlẹ̀ tí kò ní jẹ́ kí ó ta jáde. Ìṣó ńlá, irin ìkọ́lé tàbí igi kì í ṣe píìnì. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ẹ̀wọ̀n tí ó lágbára so tírélà mọ́ katakata, kí ó lè di tírélà mú bí píìnì bá já. Kí ẹ̀wọ̀n náà dẹ̀ tó láti jẹ́ kí ọkọ̀ yí kọ́nà, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe wọ́ nílẹ̀.

Nígbà tí katakata bá ń fẹ̀yìn rìn wá bá tírélà, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dúró sí àárín wọn. Ẹni tí ń tọ́ awakọ̀ sọ́nà, ẹ̀gbẹ́ ni kí ó wà, níbi tí awakọ̀ ti lè rí i. Ìgbà tí katakata bá ti dúró, tí a sì ti fa bíréèkì ọwọ́, ni kí ó tó wọlé lọ fi píìnì sí i. Púpọ̀ nínú àwọn awakọ̀ tí a ń háyà ni kò gbọ́ Yorùbá, àwa náà kò sì gbọ́ Núpé tàbí Hausa dáadáa. Nítorí náà, ẹ jọ fi ọwọ́ ṣe àdéhùn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀: àtẹ́lẹwọ́ tí a nà sókè, "dúró" ni.

3. BÍ A Ó ṢE DI ẸRÙ

Ìṣirò kékeré kan nìyí. Bí àpò àgbàdo kan bá jẹ́ kílò 100, àpò 10 jẹ́ kílò 1,000, èyí tí í ṣe tọ́ọ̀nù 1. Tírélà tí a kọ tọ́ọ̀nù 3 sí lára, àpò 30 ni irin rẹ̀ lè gbé, kì í ṣe 45.

Ṣùgbọ́n ìṣirò kejì tún wà. Ọ̀pọ̀ tírélà wa ni kò ní bíréèkì tirẹ̀. Katakata nìkan ni yóò dá gbogbo ẹrù náà dúró. Irú tírélà bẹ́ẹ̀, òun àti ẹrù inú rẹ̀, kò yẹ kí ó wúwo ju katakata tí ń fà á. Bí katakata bá jẹ́ tọ́ọ̀nù 3, tí òfìfo tírélà sì jẹ́ tọ́ọ̀nù 1, tọ́ọ̀nù 2 ni ó kù fún ẹrù. Àpò 20 nìyẹn. Níbi tí ọ̀nà bá ti ní òkè, ẹ má ṣe kọjá rẹ̀.

Mo mọ ohun tí ẹ ó sọ: epo díísù wọ́n, a kò sì lè rìn ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ fi owó epo ìrìn kan wé owó táyà tuntun kan. Ẹ tún fi wé owó ilé ìwòsàn. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò ń gun àgbọn.

Lórí tírélà onítáyà méjì, kí ẹrù tí ó wà níwájú táyà fi díẹ̀ pọ̀ ju ti ẹ̀yìn lọ. Bí ẹ̀yìn bá wúwo jù, irin ìfà yóò máa gbé ìdí katakata sókè. Táyà ńlá yóò máa yí lásán nínú ẹrẹ̀, bíréèkì kò sì ní mú dáadáa. Bí iwájú bá wúwo jù, iwájú katakata yóò fúyẹ́, awakọ̀ yóò yí ọwọ́ ọkọ̀, ọkọ̀ kò sì ní gbọ́ tirẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí táyà, kí ẹ lọ síwájú, kí ẹ tó di ẹ̀yìn. Iṣu àti ẹ̀gẹ́ ni kí ó wà nísàlẹ̀, agbọ̀n ata ni kí ó wà lókè. Kí ẹrù má ga púpọ̀, kí ẹ sì fi okùn dè é láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì.

Nígbà tí ẹ bá ń já ẹrù, ẹ̀yìn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá kọ́kọ́ kó ti iwájú kúrò lórí tírélà tí ẹ ti tú sílẹ̀, ìdí rẹ̀ yóò lulẹ̀, irin ìfà yóò sì fò sókè lu ẹni tí ó bá wà níbẹ̀.

4. LÓJÚ Ọ̀NÀ

Katakata ní ẹsẹ̀ bíréèkì méjì, ọ̀kan fún táyà ọ̀tún, ọ̀kan fún ti òsì. Nínú oko, a lè tẹ ọ̀kan láti fi yí kọ́nà. Ṣùgbọ́n kí a tó bọ́ sójú ọ̀nà, a gbọ́dọ̀ fi ìdè wọn so méjèèjì pọ̀. Ẹni tí ó bá tẹ ọ̀kan ṣoṣo pẹ̀lú tírélà lẹ́yìn, katakata yóò fọ́rí yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, tírélà yóò sì ká a mọ́ ibẹ̀.

Bí ẹ bá dé orí òkè, ẹ dín eré kù kí ẹ sì wọ jíà kékeré kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Jíà tí ẹ ó fi gun òkè náà ni kí ẹ fi sọ̀ ọ́. Ẹ má ṣe fi ọkọ̀ sí fíríì nítorí àtidín epo kù, ẹ má sì ṣe tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀. Bí eré bá di ìlọ́po 2, ibi tí ọkọ̀ yóò sáré dé lẹ́yìn tí a bá tẹ bíréèkì kí ó tó dúró yóò di ìlọ́po 4.

Ní kọ́nà, tírélà kì í gba ojú ipa tí katakata gbà, inú kọ́nà ni ó máa ń gé sí. Ẹ ya ọ̀nà fún un. Bí ẹ bá sì ń fi ẹ̀yìn rìn, tírélà yóò yà sí òdìkejì ibi tí ẹ yí ọwọ́ ọkọ̀ sí. Ẹ fi òfìfo tírélà kọ́ èyí lórí pápá kí ìkórè tó dé.

Ẹ má ṣe rin òru. Lójú ọ̀nà Mọ́kwá sí Jẹ́bà, ọkọ̀ ńlá ń kọjá tọ̀sán tòru, awakọ̀ rẹ̀ kò sì lè rí tírélà tí kò ní iná. Ẹ fi iná àti ohun pupa tí ń dán sí ẹ̀yìn tírélà. Bí ọkọ̀ bá kọṣẹ́, ewé tí a já sójú ọ̀nà nìkan kò tó, ewé kì í dán lóru. Ẹ ní àmì onígun mẹ́ta, kí ẹ sì gbé e jìnnà sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Ìwé àṣẹ ìwakọ̀ fún katakata wà lọ́tọ̀, ẹ̀ka F ni. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, nọ́ńbà tí a fi ń pe àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ni 122.

5. ÈNÌYÀN KÌ Í ṢE ẸRÙ

Kò sí àyè ènìyàn lórí irin ìfà. Kò sí àyè ènìyàn lórí àpò. Àga kan ṣoṣo ni ó wà lórí katakata, ti awakọ̀ ni. Ẹ̀yin ìyá, mo mọ̀ pé ó ti rẹ̀ yín ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀nà sì jìn. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ wá ọkọ̀ tí yóò máa kó àwọn òṣìṣẹ́ àti ọmọ, kí ẹ jọ dá owó rẹ̀. Ibi tí kò bá sì sí ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ti oko dé ṣáájú kí ilẹ̀ tó ṣú.

6. ÌTỌ́JÚ ÀTI AJỌNI

Kí ẹ tó tú tírélà sílẹ̀, ẹ fi òkúta ńlá há iwájú àti ẹ̀yìn táyà rẹ̀, kí ẹ sì gbé irin ìfà lé ìdúró tí kò lè yẹ̀. Lẹ́yìn ìrìn kọ̀ọ̀kan, ẹ rọra sún ọwọ́ mọ́ àárín ẹsẹ̀ táyà. Bí ó bá gbóná ju èkejì lọ, bẹ́ríìnì ń pariwo nìyẹn. Ẹ fi gírísì sí i kí ó tó jó. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa táyà dà, ẹ tún nọ́ọ̀tì rẹ̀ dì lẹ́yìn iṣẹ́ wákàtí díẹ̀, nítorí wọ́n máa ń dẹ̀.

Bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bá jọ ra tírélà, ẹ yan ẹnìkan tí yóò máa tọ́jú rẹ̀, kí ẹ sì ra ìwé kan fún un. Kí ó kọ ọjọ́, orúkọ ẹni tí ó gbé e, iye àpò tí ó rù, àti ohun tí ó bàjẹ́. Lára owó háyà, kí ẹ máa yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ fún táyà àti bẹ́ríìnì. Ohun tí kò ní olùtọ́jú, bí ó ti wù kí olówó rẹ̀ pọ̀ tó, yóò di ìpẹtà.

Èrè oko kì í ṣe iye àpò tí ó kúrò lóko, iye tí ó délé ni, àti iye ènìyàn tí ó bá a délé. Kí Olúwa jẹ́ kí a kórè púpọ̀, kí a sì jẹ ẹ́ pẹ̀lú ara líle.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ ÌRỌ̀LẸ́

1. Tírélà wa kò ní bíréèkì. Òfìfo rẹ̀ jẹ́ tọ́ọ̀nù 1, katakata wa sì jẹ́ tọ́ọ̀nù 2 àbọ̀. Àpò kílò 100 mélòó ni a lè rù?
2. Kí ni ìdí tí a kò fi gbọ́dọ̀ so tírélà mọ́ òkè ẹ̀yìn katakata?
3. Irú jíà wo ni a fi ń sọ̀kalẹ̀ òkè, kí sì ni ìdí rẹ̀?
4. Nínú ẹgbẹ́ wa, ta ni ó ń tọ́jú píìnì àti ẹ̀wọ̀n? Bí kò bá sí, ẹ yan ẹnìkan lónìí.